Bí Mo Ṣe To Kọ̀ǹpútà Olówó Pọ́ọ́kú fún Ìyàwó Mi Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ọnà

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wáyé ni àwòrán kan tí ìyàwó mi fi alẹ́ mẹ́sàn-án yà fún iṣẹ́ ìparí sáà nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Obìnrin kan ló yà, tó jókòó ti fèrèsé ní ìrọ̀lẹ́, tó wọ aṣọ pupa, tí òkùnkùn yàrá sì ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá bá a díẹ̀díẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lò nígbà náà, aṣọ náà pupa fòò, ènìyàn sì lè ka ìṣẹ́po rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà A3, aṣọ náà ti di àwọ̀ ilẹ̀ tí òjò rin, òkùnkùn sì ti gbé ìdajì ojú obìnrin náà mì. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un, láìbínú, pé ohun tí òun kò bá rí lórí bébà, òun kò lè fún un ní máàkì. Ó gbé àwòrán náà wálé, ó fi ti ògiri, ó gbé kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń wo àwọn méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Gbólóhùn kan péré ló sọ: "Ẹ wò ó, èwo gan-an ni mo yà nínú méjèèjì yìí?"

Ìbéèrè yẹn ló mú kí n pinnu láti to kọ̀ǹpútà orí tábìlì fún un. Mo kọ bí ó ṣe lọ sílẹ̀ níhìn-ín nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí ènìyàn ń rí gbà lórí kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú jẹ́ ti àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré géèmù, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ayàwòrán ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ yàtọ̀ gidigidi sí tiwọn. Owó tó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Ó tó láti fi ra ẹ̀rọ tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ṣùgbọ́n kò sí àyè àṣìṣe nínú rẹ̀.

Kí n tó ra ohunkóhun, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n jókòó tì í bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í pẹ̀lú ìwé kékeré àti bírò lọ́wọ́, mo sì ṣí ojú ìwé tó ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lo agbára rẹ̀ hàn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kọ̀ǹpútà alágbèéká náà ti lé lọ́dún mẹ́wàá, RAM rẹ̀, àyè tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ lé, kò ju 4 GB lọ, wọ́n sì ti jó o mọ́ inú ẹ̀rọ débi pé kò ṣeé pààrọ̀. Krita ló fi ń yàwòrán, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn tó ń fi ọwọ́ kun àwòrán lórí kọ̀ǹpútà. Pátákó ìyàwòrán kékeré kan tí kò ní ojú tirẹ̀ ló ń fi pẹ́ẹ̀nì kọ lé, èyí tó ti rà kí a tó fẹ́ra.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ó fa ìlà irun kan láti iwájú orí obìnrin inú àwòrán wá sí èjìká rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró, ìlà kò tíì dé. Ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka nǹkan, ó ka oókan, ó ka eéjì, ó ka ẹẹ́ta, kí ìlà náà tó yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ti ya kúrò lọ́nà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti yára. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé òun ń ka oókan, eéjì kí ìlà tó jáde. Ó ní òun kò mọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé gbogbo ìgbà tí ìlà bá ti pẹ́, RAM ti kún dé ẹnu, háàdì dísíkì sì ń ṣiṣẹ́ ní 100%, nígbà tí processor, ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé kì í ṣe ìṣirò ló ń dá ẹ̀rọ náà dúró, àyè tí yóò gbé iṣẹ́ lé ni kò ní, tó fi ń kó ohun tí kò gbà lọ sórí háàdì dísíkì, tó sì tún ń padà lọ kó o wá.

Ohun tó dùn mí jù ni ọgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ ti dá sí i. Ẹni tó ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà máa ń pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ìpele: ojú wà lórí ìpele kan, aṣọ wà lórí òmíràn, òjìji wà lórí ẹ̀kẹta, kí ó lè tún ọ̀kan ṣe láìfọwọ́ kan èkejì. Ìyàwó mi ti mọ̀ pé bí ìpele bá ti pọ̀, ẹ̀rọ yóò dákú, nítorí náà ó máa ń pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan ní ìparí alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwòrán obìnrin ti fèrèsé wá jáde ní dúdú, tí ó fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí òkùnkùn ẹ̀yìn obìnrin náà kí ó tó tún un tẹ̀, kò ṣeé ṣe, nítorí òkùnkùn àti ojú ti di ara kan náà. Àìtó RAM ti já ọ̀nà àtúnṣe gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tó mọ̀ pé àtúnṣe ń bọ̀.

Mo jókòó ti ìṣirò. Bébà A3 tí a fẹ́ tẹ̀ ní 300 píksẹ́lì, àwọn àmì àwọ̀ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán, fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan gba píksẹ́lì 3508 ní ìbú àti 4961 ní ìgùn, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 17 píksẹ́lì lápapọ̀. Bí a bá ń lo bíìtì 8 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, píksẹ́lì kan yóò gba báìtì 4: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, ìkẹrin fún bí nǹkan náà ṣe hàn sí. Ìpele kan tó kún láti etí dé etí yóò gba nǹkan bí 70 MB. Ìpele 40 yóò gba 2.8 GB, bí a bá sì gbé àwòrán náà sí bíìtì 16, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rẹ̀ ti gbà wọ́n níyànjú kí àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ má baà já sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó di 5.6 GB. Lóòótọ́, apá tí a kò kùn nǹkan kan sí lórí ìpele kì í gba àyè tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Krita ń pa mọ́ kí ènìyàn lè padà sẹ́yìn bí ó bá ṣe àṣìṣe tún ń bọ̀ lórí rẹ̀, pẹ̀lú àyè tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń lò àti àwọn fọ́tò tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń wò yàwòrán. Kò sí bí gbogbo èyí yóò ṣe gbà sínú 4 GB. Kódà 16 GB, tí mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn, yóò fún un mọ́ra.

Mo wá pín owó náà sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ọ̀nà mẹ́ta lọ sórí mọ́nítọ̀, méjì lọ sórí RAM, méjì lọ sórí processor, ẹyọ kan lọ sórí motherboard àlòkù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́, ẹyọ kan lọ sórí SSD tí a ń tọ́jú fáìlì sí, ẹyọ kan tó kù ni a fi ra power supply tuntun, tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, àti àpótí àlòkù tí a to gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin rí ìwé tí mo kọ ọ́ sí, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ayàwòrán mà ni ìyàwó wa. Ẹ ò wá fi nǹkan kan sí káàdì àwòrán?"

Káàdì àwòrán ni ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde sójú mọ́nítọ̀, orúkọ rẹ̀ ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Inú processor ni Krita ti ń ṣe ìṣirò búrọ́ṣì. Iṣẹ́ tó kù fún ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde kò ju pé kó fi kánfáàsì hàn lọ, kí ó sì jẹ́ kí ó ṣeé sún mọ́ tàbí kí ó ṣeé yí láìfà, ẹ̀yà kékeré tó wà nínú àwọn processor kan sì lè ṣe ìyẹn láìlàágùn. Blender, tí ìyàwó mi yóò lò fún ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lórí àwòrán tó ní ìbú, ìgùn àti jíjìn, ni káàdì ńlá ìbá ti wúlò fún jù lọ, ṣùgbọ́n Cycles tó ń parí àwòrán nínú Blender lè fi processor ṣiṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣàlàyé fún àbúrò mi pé bí ó bá jẹ́ pé Blender ni olórí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni à bá tẹ̀ lé, à bá sì ti yọ nínú owó mọ́nítọ̀ pàápàá láti fi ra káàdì. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ kùn ún, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, RAM àti ojú tó ń sọ òtítọ́ ló ṣáájú.

Processor tí a rà ni Ryzen 5 5600G tí ilé-iṣẹ́ AMD gbé jáde ní ọdún 2021. Ó ní core 6, ìyẹn ẹ̀yà ìṣirò mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ó ń gbé iṣẹ́ 12 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde ti wà nínú rẹ̀, fáànù rẹ̀ sì wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á. Ohun mìíràn tó mú kí n yàn án ni pé AMD lo irú ihò kan náà, AM4, fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà motherboard àlòkù tó bá a mu kò wọ́n. Àkíyèsí yìí gan-an ló wá fún mi níṣẹ́ lẹ́yìn náà, gẹ́gẹ́ bí n ó ti sọ.

RAM wá ní ẹyọ méjì, 16 GB kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí ènìyàn ra ẹyọ kan ńlá dípò méjì fún irú processor yìí, nítorí ẹ̀yà àwòrán inú rẹ̀ kò ní RAM tirẹ̀. Nínú RAM kọ̀ǹpútà ló ti ń yá lò. Ẹyọ kan DDR4, irú RAM tí ẹ̀rọ yìí ń lò, tó ń sáré ní 3200 lè gbé 25.6 GB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹyọ méjì tó wà ní ihò tó yẹ yóò gbé 51.2 GB.

Mọ́nítọ̀ ni mo fi àkókò ṣe jù, mo sì ní kí òun fúnra rẹ̀ bá mi yàn án, nítorí ojú rẹ̀ ni yóò máa wò ó, kì í ṣe tèmi. Irú ojú tí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ní ni wọ́n ń pè ní TN: bí ènìyàn bá gbé orí sókè díẹ̀, òkùnkùn yóò funfun, bí ó bá sì rẹ orí sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò ṣú. Ẹni tó bá ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ yan àwọ̀ ń yan àwọ̀ mìíràn ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí ìjókòó rẹ̀ padà. Irú ojú mìíràn tí wọ́n ń pè ní IPS kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kejì tí a wá ni bí mọ́nítọ̀ náà ṣe kó àwọ̀ sRGB já tó, ìyẹn ìlànà tó sọ àwọn àwọ̀ tó yẹ kí ojú kọ̀ǹpútà lè fi hàn. HP àti Microsoft ló dábàá sRGB ní ọdún 1996, ó sì di ìlànà àgbáyé ní 1999. Òun ni ọ̀pọ̀ fáìlì, ìkànnì àti àwọn tó ń tẹ àwòrán ṣì ń bá lò títí di òní. Mọ́nítọ̀ tí kò bá lè fi gbogbo sRGB hàn yóò máa fi àwọ̀ kan rọ́pò òmíràn láìsọ fún ẹni tó ń lò ó.

Ìyàwó mi gbé fáìlì mẹ́ta sínú fíláàṣì lọ síbi tí a ti fẹ́ rà á: fọ́tò ọwọ́ ara rẹ̀, ọ̀já eérú tó ń ti dúdú lọ sí funfun ní ìpele 32, àti aṣọ pupa obìnrin ti fèrèsé. Mọ́nítọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń yí ojú rẹ̀ ní ìgbà 144 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó mọ́lẹ̀ yòò, tí ẹni tó ń tà á sì ń yìn. Ìyàwó mi ṣí ọ̀já eérú lórí rẹ̀, ó ka ìpele dúdú, márùn-ún àkọ́kọ́ ti di ẹyọ kan. Lórí IPS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò ní ìyára kankan láti fi yangàn, ó ka gbogbo rẹ̀ pé. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ọwọ́ náà lójú mọ́nítọ̀, ó wò ó síhìn-ín, ó wò ó sọ́hùn-ún, ó ní, "Èyí ni ká gbé." Íǹṣì 24 ni, 1920×1080. Mo mọ̀ pé 2560×1440 lórí íǹṣì 27 ìbá dùn mọ́ ọn ju èyí lọ, ṣùgbọ́n owó RAM ló máa gbé e lọ, n kò sì ní gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìyókù kò gba àròjinlẹ̀ púpọ̀. SSD náà jẹ́ NVMe, irú tó ń yára, 500 GB. Power supply jẹ́ 500W tó ní àmì 80 Plus Bronze, àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, tuntun, nítorí òun nìkan ni ẹ̀yà tí n kò ní ra ní àlòkù bó ti wù kí owó kéré tó: bí ó bá bàjẹ́, ó lè kó gbogbo ìyókù lọ. Ẹ̀rọ yìí kì í jẹ ju nǹkan bí 150W lọ, ṣùgbọ́n mo fi àyè sílẹ̀ fún káàdì àwòrán bí ọjọ́ rẹ̀ bá dé. Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà, ni a gbé sórí rẹ̀, nítorí Krita àti Blender ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀, owó kan kò sì ní í bọ́ sílẹ̀ fún un.

A to ó ní ọjọ́ Sátidé lórí tábìlì ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí kí iná ara má baà ba nǹkan jẹ́, mo sì ní kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni mo gbé processor fún, nítorí ọwọ́ tó ń ya ìpéǹpéjú kì í gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ processor AM4 jẹ́ 1331, bí ẹyọ kan bá tẹ̀, ìnáwó dé. Ó gbé irin ẹ̀gbẹ́ ihò náà dúró, ó wá igun kékeré aláwọ̀ wúrà tó wà létí processor, ó dojú rẹ̀ kọ igun tó bá a mu lórí motherboard, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Processor náà wọlé fúnra rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ rárá, pẹ̀lú ìró tín-ín-rín bí ìgbà tí ṣíbí bá kan àwo. Ó dá irin náà padà, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ti fáànù bọ̀ ọ́, a gbé SSD sí ibùjókòó rẹ̀ pẹ̀lú síkúrúù kan tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, a sì ti RAM bọ ihò kejì àti ìkẹrin, kì í ṣe ìkíní àti ìkejì, títí ìdè etí rẹ̀ fi dún pàkà.

A tan iná sí i. Fáànù yí, iná iwájú tàn, ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri.

Mo yọ RAM, mo tún un fi sí. Mo fi ẹyọ kan ṣoṣo dán an wò. Mo pààrọ̀ wáyà mọ́nítọ̀. Ìyàwó mi ló tẹ̀ ba sí ẹ̀gbẹ́ àpótí tó sì sọ pé, "Iná pupa kékeré kan wà níbí o, wọ́n kọ CPU sí ìdí rẹ̀." Ìgbà náà ni mo rántí ohun tó yẹ kí n ti rò nígbà tí mò ń ra motherboard àlòkù. Irú tí a rà jẹ́ B450, tó jáde ní ọdún 2018, ọdún mẹ́ta ṣáájú processor tí a fi sí i. BIOS tó wà lórí rẹ̀, ètò kékeré tó ń jí gbogbo ẹ̀rọ kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀, kò tíì gbọ́ orúkọ 5600G rí. Ẹni tó tà á fún wa kò purọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ fún processor tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Èmi ni n kò béèrè.

Ohun tó gbà wá ni pé motherboard yìí ní bọ́tìnì kan lẹ́yìn tí ènìyàn lè fi sọ BIOS di tuntun láìjẹ́ pé processor jí rárá. Mo fi kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ gba fáìlì BIOS láti ojú ìwé àwọn tó ṣe é, mo sọ fíláàṣì di FAT32, ìṣètò tí motherboard lè kà, mo yí orúkọ fáìlì náà sí èyí tí ìwé ìlànà sọ gan-an, mo tì í bọ ihò tí wọ́n fi àmì sí, mo pa ẹ̀rọ ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí iná wọ power supply, mo sì tẹ bọ́tìnì náà. Iná kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bí iná bá lọ tàbí tí a bá yọ fíláàṣì ní àárín rẹ̀, motherboard náà lè kú pátápátá. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀, ó ń ṣọ́ iná náà, kò jẹ́ kí n rìn kọjá níwájú wáyà. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó tó dúró. Nígbà tí a tún tan ẹ̀rọ, mọ́nítọ̀ là.

Nínú BIOS, mo rí i pé RAM tó yẹ kó sáré ní 3200 ń rìn ní 2133. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń wá; ẹni tó tò ó ni yóò tan XMP, ètò inú BIOS tó ń gbé RAM sí ìyára tí wọ́n kọ sára rẹ̀, fúnra rẹ̀ kí ó tó rí ìyára tó sanwó fún. Mo mọ àwọn tó ti lo ẹ̀rọ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo tẹnu mọ́ ọn níhìn-ín.

Ìṣòro kan tí n kò retí yọjú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó mi fi pẹ́ẹ̀nì ya òbìrípo, bó ṣe máa ń ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá, ó sì rí i pé ó tẹ́ bí ẹyin tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó tún un yà, ó tún tẹ́. Ó rò pé ó ti rẹ òun ni. Mo gbé rúlà, mo wọn pátákó ìyàwòrán rẹ̀: ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 16 sí 10. Ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ jẹ́ 1280×800, èyí tó jẹ́ 16 sí 10 bákan náà, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ tuntun jẹ́ 16 sí 9. Nígbà tí a na gbogbo pátákó bo gbogbo mọ́nítọ̀, ohun gbogbo tó bá yà pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá gíga rẹ̀, láìsí pé ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀. A gé ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò ní ìsàlẹ̀ pátákó nínú ètò rẹ̀, ó tún òbìrípo yà, ó sì yí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọnà tí kò bá mọ èyí lè lo sáà kan gbáko láti máa ya orí ènìyàn ní pẹlẹbẹ, kí wọ́n sì máa sọ fún un pé kò mọ ìwọ̀n.

Ó ku àwọ̀. A yá ẹ̀rọ ìwọnwọ̀ kékeré lọ́wọ́ akẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń ya fọ́tò, irú èyí tí a ń gbé kọ́ ojú mọ́nítọ̀. A tan mọ́nítọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó gbóná, a sì fi DisplayCAL, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ̀n ọ́n. Ohun tí a fẹ́ ni funfun 6500K, gamma (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ti dúdú gun funfun) 2.2, àti ìmọ́lẹ̀ 120 cd/m². Bí mọ́nítọ̀ náà ṣe jáde nínú páálí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lé ní 250. Ohun tó ń mú kí àwòrán ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde ní dúdú lórí bébà kò ju èyí lọ: mọ́nítọ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, bébà sì ń fi ìmọ́lẹ̀ yàrá hàn lásán, bí a bá jẹ́ kí mọ́nítọ̀ mọ́lẹ̀ jù, ayàwòrán yóò máa fi àwọ̀ dúdú sí i láti rọ̀ ọ́, láìmọ̀ pé bébà kò ní ohun tí yóò fi gbé e padà. Nígbà tí mo rẹ ìmọ́lẹ̀ náà sílẹ̀ dé 120, ìyàwó mi pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ti ṣókùnkùn jù!" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ojú rẹ̀ ní ọjọ́ méjì, a sì yí iná tábìlì rẹ̀ kúrò níwájú mọ́nítọ̀.

Ní ọjọ́ kejì ó ṣí àwòrán obìnrin ti fèrèsé. N kò sí nínú yàrá. Ó pè mí. Aṣọ náà wà níbẹ̀ lójú mọ́nítọ̀, ní àwọ̀ ilẹ̀ tí òjò rin, ojú obìnrin náà sì wà nínú òkùnkùn dé ìdajì, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lórí bébà tó ṣì fi ti ògiri. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó ní, "Èyí tó wà lórí bébà ni mo yà." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóhùn.

Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́rin ti kọjá. Ìlà rẹ̀ ń jáde pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, n kò sì rí i kí ètè rẹ̀ mì mọ́. Kí ó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, ó máa ń gba fáìlì ICC tó ń ṣàlàyé bébà àti yíǹkì wọn, ó sì máa ń fi í wo àwòrán náà nínú Krita bí yóò ṣe jáde. Àwòrán méjì tó tẹ̀ láti ìgbà náà kò bá a lójijì. Ní ti Blender, ó ṣe àwòrán tó ń rìn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, 240 fọ́tò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. A tàn án sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ nígbà tí a sùn, ó parí kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni, kò ní í ṣeé fara dà. Lẹ́ẹ̀kan ní sáà kan, ó ṣeé ṣe.

Ohun méjì ni n ó ṣe lọ́nà mìíràn bí mo bá tún fẹ́ tò ó. N ó béèrè irú BIOS tó wà lórí motherboard kí n tó sanwó, tàbí kí n fi kún owó rẹ̀ kí n ra B550, irú tó jáde lẹ́yìn B450. Èkejì, n ó wọn pátákó ìyàwòrán rẹ̀ kí n tó yan mọ́nítọ̀, nítorí 1920×1200 wà, tó jẹ́ 16 sí 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá pátákó rẹ̀ kì bá sì ti ṣòfò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó padà sí obìnrin ti fèrèsé. Kò sí bí ó ṣe lè ya ojú kúrò lára òkùnkùn nínú fáìlì àtijọ́ tó ti pa pọ̀, nítorí náà ó gbé e sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún obìnrin náà yà láti ìbẹ̀rẹ̀ lókè rẹ̀, aṣọ lórí ìpele tirẹ̀, òjìji lórí ìpele tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lórí ìpele tirẹ̀. Ó ti di ìpele 61 nígbà tó tọ́jú rẹ̀ lálẹ́ àná, kò sì pa ọ̀kankan pọ̀.